Máàkì MCAT tó kéré: ohun tó yẹ kí ọmọ yín sọ nípa rẹ̀, àti ibi tó yẹ kó ti sọ ọ́

Ẹni tó bá ti jókòó ṣe JAMB rí, tó wá gbọ́ pé ọmọ òun gba 500 nínú 528, orin ọpẹ́ ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Lójú àwa tí a dàgbà sórí máàkì 400, èsì ọmọ tó fakọyọ nìyẹn. Ìgbà tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá wá fajú ro, tó ní máàkì òun ò tó, ni ilé á dàrú. Bàbá á ní ọmọ ò mọ ọpẹ́ dá, ìyá á ní ṣé kò fẹ́ ṣe dókítà mọ́ ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn ni pé 528 yẹn kò bẹ̀rẹ̀ láti oódo. Láti 472 ló ti bẹ̀rẹ̀.

MCAT ni ìdánwò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ṣe. AAMC, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀, ló ń ṣètò rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, ìbéèrè 230 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọmọ tó máa wọlé síbẹ̀ láàárọ̀ tí kò ní di ọ̀sán kó tó jáde. Apá mẹ́rin ló ní. Èkíní dá lórí kẹ́místrì àti físíìsì, ìkẹta lórí bàólọ́jì àti kẹ́místrì inú ara, ìkẹrin lórí ìrònú àti ìwà ẹ̀dá láwùjọ. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní CARS, kò ní sáyẹ́ǹsì kankan nínú: àyọkà Gẹ̀ẹ́sì mẹ́sàn-án ni, ìbéèrè 53, wákàtí kan àtààbọ̀. Máàkì apá kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 118, ó parí sí 132. Àròpọ̀ èyí tó kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni 472, ti èyí tó ga jù sì ni 528.

Nítorí náà, ẹni tó gba 500 wà ní nǹkan bí àárín gbogbo àwọn tó ṣe ìdánwò náà. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tó ń kọ̀wé wá sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fúnni ní oyè MD máa ń ní nǹkan bí 506 ní ìpíndọ́gba, àwọn tí wọ́n sì gbà wọlé nínú wọn máa ń ní bíi 511 sí 512. Ẹ ti wá rí i: láàárín 500 àti 511, ohun tó jọ máàkì mọ́kànlá péré lójú òbí, àlàfo ńlá ni.

Síbẹ̀, kò sí ohun tó ń jẹ́ féèlì nínú MCAT. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń kọ̀wé sí ló ń pinnu máàkì tó kéré. AAMC ní àkójọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní MSAR. Owó ni wọ́n ń san kí wọ́n tó lè rí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo owó tí a máa ná lórí ọ̀rọ̀ yìí, owó tibẹ̀ ni mo kà sí èyí tó wúlò jù. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí irú máàkì tí àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbà ní, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọmọ tó ní 506 lè kéré gan-an ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, kó sì wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ní òmíràn. Ohun mìíràn tí àwọn òbí kì í mọ̀ ni pé AAMC fúnra wọn sọ pé máàkì àpapọ̀ lè fi méjì lọ sókè tàbí wá sílẹ̀ sí ohun tí ọmọ mọ̀ gan-an. Ẹni tó gba 509 àti ẹni tó gba 510 kò yàtọ̀ síra lójú ẹni tó mọṣẹ́ náà. Nítorí náà, ọmọ tó kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta láti fi ṣàlàyé ìdí tí òun fi gba 509 ti fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí àléébù tí ẹnikẹ́ni ò rí.

Ṣé a lè fi máàkì náà pamọ́?

Wọ́n máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí ní Nàìjíríà, JAMB ọdún yìí kì í bá JAMB ọdún tó ń bọ̀ jà. Ọdún kan ni èsì JAMB fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gba 180 lọ́dún kan, tó wá gba 290 lọ́dún kejì, 290 nìkan ni yunifásítì máa rí.

MCAT kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ bá fi fọ́ọ̀mù AMCAS kọ̀wé, fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ẹ̀kọ́ MD ń lò, gbogbo ìgbà tó ti ṣe ìdánwò náà tó sì gba èsì ló máa hàn níbẹ̀. Kò lè mú ọ̀kan kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tó lè pa á rẹ́ ni ọjọ́ ìdánwò gan-an, kó tó dìde lórí ìjókòó: kọ̀ǹpútà á bi í bóyá kí wọ́n gba máàkì rẹ̀ wọlé tàbí kí wọ́n fagi lé e. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn yìí, tí àkókò bá sì tán láìdáhùn, wọ́n á gbà á wọlé. Tó bá ní kí wọ́n fagi lé e, ilé-ẹ̀kọ́ kankan ò ní rí i, òun náà ò sì ní mọ iye tó gbà láé, owó tó lé ní 300 dọ́là ti wọlé lọ nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n gbà kí èèyàn ṣe é lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárín ọdún méjì tó tẹ̀ léra, ẹ̀ẹ̀méje ní gbogbo ayé rẹ̀. Èyí tó fagi lé náà wà nínú iye yìí, èyí tó forúkọ sílẹ̀ fún tí kò sì yọjú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má ṣe sọ fún ọmọ pé kó lọ "dán an wò." A kì í dán MCAT wò. AAMC ń ta ìdánwò àṣedánwò tiwọn tó jọ ojúlówó gan-an, ìyẹn ni kó lọ dán wò nílé.

Báwo ni ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń wo máàkì tó ju ẹyọ kan lọ? Àwọn kan ń mú èyí tó ga jù, àwọn kan ń mú èyí tó kẹ́yìn, àwọn mìíràn ń wo gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti rí bó ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ka èyí tó bá ti lé ní ọdún mẹ́ta sí mọ́. Tí ìbátan yín bá wà ní Kánádà, kó mọ̀ pé McMaster ní Hamilton kì í wo nǹkan mìíràn nínú MCAT ju CARS nìkan lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ "máàkì mi kéré" yàtọ̀ pátápátá níbẹ̀.

Kí ni àlàyé lè ṣe, kí ni kò lè ṣe?

Àlàyé kì í fi kún máàkì. Bí mo ṣe rí i nìyí lẹ́yìn tí mo ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ wa ka àròkọ wọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, ó sì máa ń dun àwọn òbí nígbà tí mo bá sọ ọ́. Tí ọmọ bá ní 496 nìkan, tí kò tún ìdánwò ṣe, tí kò sí ohun tuntun kankan lẹ́yìn rẹ̀, àlàyé tó dùn jù láyé ò lè gbé e dé ibi tí 511 ń gbé èèyàn dé. Ìgbìmọ̀ ìgbaniwọlé á kàánú rẹ̀, wọ́n á sì kọjá sí fọ́ọ̀mù tó kàn. Ohun tí àlàyé lè ṣe ni pé kó mú kí máàkì méjì tó yàtọ̀ síra bára mu lójú ẹni tó ń kà á. Ìyẹn ni pé ohun kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn máàkì tó kéré: máàkì tuntun tó dára, tàbí èsì tó dán láti inú kíláàsì sáyẹ́ǹsì tó le. Ìgbà náà ni ẹni tó ń kà á á bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ọmọ tó mọ̀wé báyìí fi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan? Ìbéèrè yẹn ni àlàyé ń dáhùn. Tí kò bá sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní bi í ní ìbéèrè yẹn.

Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹnu dídákẹ́ ló dára jù. Ọmọ tó gba 503, tó tún un ṣe tó gba 514, máàkì rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tán. Ọmọ tí àpapọ̀ rẹ̀ dára, tó kàn jẹ́ pé apá kan fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí ìyókù, kò ní ohun tó fẹ́ ṣàlàyé, bó ti wù kó máa dùn ún tó. Èmi á sọ pé kí ọmọ ṣàlàyé tí àlàfo bá hàn sí ẹnikẹ́ni tó bá wo fọ́ọ̀mù náà, tí ìdí gidi bá wà, tí ìdí náà sì ti kọjá tàbí tó ti ní àtúnṣe. Tí ìdí náà bá ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á kàn fi kún iyèméjì wọn.

Ibi tó yẹ kó ti sọ ọ́

Kò yẹ kó wọ inú àròkọ àkọ́kọ́. Àròkọ tí AMCAS ń béèrè, lẹ́tà àti àlàfo 5,300 ni wọ́n fi dí i, ojú ìwé kan àti díẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n fẹ́ kà níbẹ̀ ni ìdí tí ọmọ fi fẹ́ ṣe dókítà. Ọmọ tó bá fi ìpínrọ̀ méjì nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀ MCAT ti fi àyè tó yẹ kó fi sọ nípa aláìsàn tó tọ́jú, iṣẹ́ tó ṣe, èèyàn tó jẹ́, sọ nípa ohun tí wọ́n ti rí nínú nọ́ńbà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí AMCAS bá ti kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń fi ìbéèrè tirẹ̀ ránṣẹ́. Nínú ìbéèrè wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń bi ọmọ bóyá ohun kan wà nínú èsì rẹ̀ tó fẹ́ ṣàlàyé, tàbí bóyá ohun mìíràn kan wà tó fẹ́ kí ìgbìmọ̀ mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni. Wọ́n ti fi ẹnu ara wọn béèrè, kì í ṣe àtojúbọ̀.

Láti ọdún 2023, AMCAS tún fi àyè kan kún fọ́ọ̀mù fún àwọn ìrírí tó ti fa ìṣòro lójú ọ̀nà ọmọ kó tó dé ibi tó dé: lẹ́tà àti àlàfo 1,325 péré. Ibẹ̀ wà fún ohun ńlá tó pẹ́ nínú ayé ọmọ, bí i kí ó máa ṣiṣẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí ilé lè jẹun, tàbí kó jẹ́ pé òun ló ń túmọ̀ èdè fún ìyá rẹ̀ nílé ìwòsàn. Kò wà fún òtútù tó mú un lọ́jọ́ ìdánwò. Ọmọ wa kan tó bá dé Amẹ́ríkà ní kíláàsì kẹsàn-án, tó ń sọ Yorùbá nílé, tí CARS rẹ̀ wá kéré ju ìyókù lọ, lè sọ ìtàn èdè rẹ̀ níbẹ̀ láìdárúkọ MCAT rárá. Ẹni tó ń kà á á fúnra rẹ̀ so méjèèjì pọ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí.

Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn òbí ò mọ̀, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn olùdámọ̀ràn máa ń kọ lẹ́tà kan ṣoṣo lórúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọmọ tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Tí ọmọ bá ti lọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn ní kùtùkùtù, wọ́n lè fi gbólóhùn méjì sọ ọ́ nínú lẹ́tà náà. Ohun tí ẹlòmíràn sọ nípa ìṣòro ẹni máa ń wúwo ju èyí tí a sọ nípa ara wa. Ṣùgbọ́n olùdámọ̀ràn ò lè sọ ohun tí kò mọ̀, àwọn ọmọ wa kì í sì í lọ bá wọn, nítorí a ti kọ́ wọn pé a kì í gbé ẹ̀dùn ilé lọ síta. Màá padà sórí èyí.

Bó ṣe yẹ kó rí lórí ìwé

Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọbìnrin kan tí mo fọkàn yà ṣe àpẹẹrẹ. Houston ló ń gbé. Ó gba 496 nígbà àkọ́kọ́: 124, CARS 121, 125, 126. Nígbà tó tún un ṣe, ó gba 507: 126, 125, 128, 128. Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó ní Yorùbá. Irú èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ kọ rèé:

"Máàkì mi àkọ́kọ́ kò fi irú ẹni tí mo jẹ́ hàn rárá. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Bàbá mi ń ṣàìsàn, mo ń ṣiṣẹ́, ariwo pọ̀ níbi ìdánwò náà, ara mi náà ò sì yá. Ó dá mi lójú pé bí ẹ bá fún mi láàyè, ẹ ò ní kábàámọ̀."

Gbogbo ohun tó sọ lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ìdí mẹ́rin ló kó jọ, ìkẹrin sì ti sọ ìkíní di yẹpẹrẹ, nítorí ẹni tó ń kà á ò mọ èwo nínú wọn ló ṣe é gan-an. Ìlérí ló fi parí rẹ̀ dípò ẹ̀rí. Gbólóhùn kejì ló sì burú jù nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn pé òun ò mọ ìdánwò ṣe ti fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á wọlé, ìdánwò ló kù níwájú rẹ̀: USMLE, ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà, Step 1, Step 2, Step 3, lẹ́yìn náà ìdánwò ẹ̀ka tó bá yàn. Òótọ́ ni pé láti oṣù Kìíní 2022, Step 1 ti di èyí tí wọ́n kàn ń sọ pé èèyàn yege tàbí kò yege, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì gbọ́dọ̀ yege. Ẹ̀rù tó ń ba ìgbìmọ̀ tó bá rí MCAT tó kéré ni pé ọmọ yìí lè wọlé kó má lè jáde, pẹ̀lú gbèsè ńlá lọ́rùn. Gbólóhùn yẹn fi ẹ̀rù yẹn múlẹ̀.

Èyí tó dára rèé:

"Ní oṣù Kẹrin 2023 ni mo kọ́kọ́ ṣe MCAT, mo sì gba 496. Láti oṣù Kejì ọdún náà ni bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín, èmi ni mo sì ń wakọ̀ gbé e lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó yẹ kí n sún ìdánwò náà síwájú. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà sílé tó gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi, mo fi oṣù márùn-ún múra tuntun, mo sì ń ka àyọkà CARS méjì lójoojúmọ́. Ní oṣù Kìíní 2024, mo gba 507. Ètò tí mo fi kàwé fún un ni mo ṣì ń lò fún bàókẹ́místrì tí mo ń ṣe báyìí."

Ẹ wò ó dáadáa. Ìdí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ní oṣù àti ọdún, ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lọ, nítorí náà ó dún bí òótọ́. "Ó yẹ kí n sún ìdánwò náà síwájú, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀" ni mo kà sí gbólóhùn tó wúlò jù níbẹ̀, torí ó gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀ láìsunkún, láìnà ara rẹ̀ ní pàṣán. Kò dá àìsàn bàbá rẹ̀ lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tó yí padà, ó sọ iye tó gbà, ó sì sọ pé ohun tó kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀ níbì kankan.

Gígùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ń lọ sí ìpínrọ̀ kẹta, ọmọ ti ń bá ara rẹ̀ rojọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ inú ilé

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí máàkì bá já wálẹ̀, ohun tó fà á wà nínú ilé. Àìsàn ni, tàbí ìyapa láàárín bàbá àti ìyá, tàbí owó ilé tó tán tí ọmọ sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lẹ́yìn kíláàsì. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, mi ò sì ní sọ pé àṣà náà kò dára, torí ó ti dáàbò bo ọ̀pọ̀ ìdílé. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ tó kọ "ìṣòro ara ẹni kan" sórí fọ́ọ̀mù nítorí bàbá rẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ dárúkọ àìsàn òun. Ẹni tó kà á ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. "Ìṣòro ara ẹni" lè jẹ́ ikú, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rẹ́kùnrin kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ pe ọmọ jókòó kó tó kọ ọ́. Ẹ jọ pinnu ohun tó lè sọ. Kò pọn dandan kó dárúkọ àìsàn náà. "Bàbá mi wà nílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èmi ni mo sì ń tọ́jú àwọn àbúrò mi" ti tó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni iṣẹ́ tó já lé ọmọ léjìká. Orúkọ àìsàn kì í ṣe dandan. Tí ẹni tó ṣàìsàn kò bá sì fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ rárá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kí ọmọ wá ohun mìíràn sọ tàbí kó dákẹ́. Tí ó bá sì jẹ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ló ṣàìsàn, pàápàá àìsàn ọkàn, kó fara balẹ̀ gan-an, kó bá olùdámọ̀ràn sọ ọ́ kó tó fi sórí ìwé kankan.

Àwọn ìdílé mìíràn gbà pé ọwọ́ ayé ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ẹ gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ máa kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí àjèjì lè kà kó sì rí i: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣe.

Kó má sì purọ́. Ọmọ fọwọ́ sí i nígbà tó ń fi AMCAS ránṣẹ́ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó kọ, AAMC sì máa ń wádìí fọ́ọ̀mù tó bá mú ìfura wá, wọ́n á fi ohun tí wọ́n rí tó ilé-ẹ̀kọ́ létí. Ikú ìyá àgbà tí kò kú lè ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Tí wọ́n bá bi í lójúkojú

Tí wọ́n bá ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n ti rí máàkì rẹ̀, wọ́n sì tún pè é. Kó fi èyí sọ́kàn, kó má wọlé bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan, ẹni tó ń bi í léèrè ò tilẹ̀ rí máàkì rẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ fún un ni. Nítorí náà, kó má ṣe fúnra rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ MCAT sílẹ̀. Tí wọ́n bá bi í, gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ohun kan náà tó wà lórí ìwé, kó sì dákẹ́ kí wọ́n lè kọjá sí ìbéèrè mìíràn.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti àwọn ọmọ tí a tọ́ nílé wa. A kọ́ wọn pé ọmọ kì í wo àgbà lójú tí wọ́n bá ń bá a wí. Nínú yàrá yẹn, ọmọ tó bá ń wo ilẹ̀ nígbà tí wọ́n dárúkọ máàkì rẹ̀, ọ̀wọ̀ ló ń fún wọn lójú tiwa, ṣùgbọ́n lójú tiwọn ó ń fi nǹkan pamọ́ ni. Kó gbé ojú sókè. Ẹ̀yin òbí náà lè jókòó bí i ní ìbéèrè yìí nílé, kó dá yín lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ojú tó dúró, títí tí kò fi ní nira fún un mọ́.

Tí kò bá sí máàkì tuntun

Nígbà náà, kó má tíì máa ronú nípa àlàyé. Kó kọ́kọ́ pinnu bóyá ó máa tún un ṣe, kó má sì fi ìkánjú ṣe é. AAMC ti fi hàn pé àwọn tó tún MCAT ṣe, máàkì méjì sí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi kún un. Ẹni tó bá kàn padà lọ ka ìwé kan náà lọ́nà kan náà wà lára àwọn wọ̀nyí. Ẹni tó bá fẹ́ fi mẹ́wàá kún un gbọ́dọ̀ yí nǹkan ńlá padà, kó sì rí iye tó fẹ́ nínú àwọn ìdánwò àṣedánwò AAMC kó tó sanwó. Tí owó bá ń dí i lọ́wọ́, AAMC ní ètò ìrànwọ́ kan tó ń dín owó ìdánwò kù fún ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó iye kan. Kó béèrè kó tó forúkọ sílẹ̀, nítorí wọn kì í dá owó padà fún ẹni tó ti san tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó ní àìlera kan, tí ojú tàbí ìkàwé ń fún un ní ìṣòro, lè béèrè fún àfikún àkókò. Ìwé dókítà ló máa fi tì í lẹ́yìn, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ibi tó ń lọ náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ òbí wa ò fẹ́ gbọ́ DO, oyè dókítà kejì tí wọ́n ń fúnni ní Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí MD, sétí, wọ́n á ní "ṣé dókítà gidi nìyẹn?" Dókítà gidi ni. Ìwé àṣẹ wọn jẹ́ kí wọ́n tọ́jú aláìsàn, kí wọ́n kọ oògùn, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50, àti láti ọdún 2020, ètò kan náà ló ń bójú tó ibi tí àwọn MD àti DO ti ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwòsàn lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ DO ń gbà máa ń ní tó 504 nínú MCAT. Fọ́ọ̀mù tiwọn lọ́tọ̀, AACOMAS lórúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin Houston tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ láìṣàlàyé ohunkóhun. Ẹ tún wo àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn aláwọ̀ dúdú àtijọ́: Howard ní Washington láti 1868, Meharry ní Nashville láti 1876, Morehouse ní Atlanta láti 1975. Wọn kì í gba ọ̀lẹ o, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wo irú dókítà tí ọmọ fẹ́ jẹ́ àti àwọn tó fẹ́ tọ́jú, ìtàn ọmọ sì máa ń rí etí gbọ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kù. AMCAS máa ń ṣí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní ìparí oṣù náà. Bí fọ́ọ̀mù bá ṣe ń wọlé ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń pè èèyàn, nítorí náà ẹni tó bá tètè dé ló ń rí àyè púpọ̀. Èsì MCAT máa ń pẹ́ tó oṣù kan kó tó jáde. Ọmọ tó bá tún un ṣe láàárín oṣù Kìíní sí ìparí oṣù Kẹrin, máàkì tuntun á wà nílẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Èyí tó bá ṣe é ní oṣù Kẹjọ lè kọ ọjọ́ náà sórí AMCAS pé òun ṣì ń bọ̀ wá tún un ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan á gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí èsì yẹn á fi dé ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí wọ́n ti ń pe àwọn mìíràn wọlé.